Sáàmù Ọ̀sán Gangan

Páànù ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ife orí tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, kí ariwo tó wá dé kó sì bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, tí wọ́n ti kọrin dé àárín ìlà, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọn á dúró pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, bí ẹni tó dá mọ́tò dúró kí ewúrẹ́ lè kọjá. Ọkọ̀ òfurufú á gba orí wa lọ. Ikùn rẹ̀ máa ń sún mọ́lẹ̀ débi pé mo gbà gbọ́ pé bí mo bá gun orí ìdérí kànga, ọwọ́ mi á tó o. Nígbà tí ariwo bá ti bọ́ sí apá Àpákùn, Màmá á sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Sẹ́là," wọn á wí, wọn á sì mú Sáàmù náà níbi tó ti já.

Mo bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí ni Sẹ́là. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń já ẹ̀fọ́, ewé ń bọ́ sínú abọ́, igi rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n tán," ni wọ́n fèsì. "Àwọn Hébérù tó kọ ọ́ síbẹ̀ ti kú láì sọ ìdí ẹ̀ fún wa. Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé máa ń sọ pé ó lè jẹ́ pé kí olórin sinmi díẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè wọlé. Látìgbà tí mo ti dé Máfolúkù yìí ni mo ti gbà á gbọ́."

Ìsinmi gan-an ni kò sí nílé wa nígbà yẹn. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín, sítóòfù níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan bá dákẹ́, ti ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi jẹ́ télọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni maṣíìnì wọn wà, mo sì lè fi ìró rẹ̀ mọ bí ọkàn wọn ṣe wà lọ́jọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sáré lọ geere bí òjò tó rọ̀ sórí ewé kókò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, á sáré díẹ̀, á dúró. Á tún sáré, á tún dúró. Ìyá mi á dìde lọ wo ọ̀nà, wọn á padà wá jókòó, wọn á tú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Bàbá mi ni wọ́n ń retí. Ó ti bá wọn gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú fún ọdún pípẹ́, títí òun náà fi rí ọ̀nà bá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà lọ sí òkè òkun. Nílé wa, Ìyá Tọ́lá nìkan ló ní fóònù nígbà náà. Onídìrí ni Ìyá Tọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú títì, yàrá wọn sì fara ti tiwa. Orí fóònù wọn ni bàbá mi máa ń pè wá sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá Tọ́lá á kan ilẹ̀kùn, wọn á pariwo pé, "Ìyá Bísí! Òkè òkun ń pè yín o!" Ìyá mi á sáré jáde, gèlè á já bọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìpè náà dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi ò lè jẹun mọ́. Èyí ló mú kí wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá ní Èkìtì, tí Màmá fi kó ẹrù wá jókòó tì wá.

Sáàmù ni Màmá fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Wọn kì í mú ìwé lọ́wọ́. Orí ni wọ́n ti ń mú un wá, pẹ̀lú ohùn Èkìtì, tí ilé ń di "ulé", tí iṣẹ́ ń di "uṣẹ́". Ti ìyìn ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀. Èyí tí àwọn Hébérù ń kọ bí wọ́n bá ń gun òkè lọ sí Jerúsálẹ́mù ni wọ́n fi ń gbé omi láti kànga, wọ́n ní ẹni tó bá ń gòkè yálà ó ru omi tàbí kò rù ú, ó nílò orin. Wọ́n kọ́ mi láti máa gbè é.

"Sáàmù kì í ṣe orin ẹlẹ́nu kan," wọ́n sọ fún mi. "Ìlà kìíní á sọ̀rọ̀, ìkejì á tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn. Bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ni. Tèmi ń lọ sílẹ̀, tìrẹ ń bọ̀ lókè. Bí o bá yára jù, ọmọ odó á gbá ọmọ odó."

Mo máa ń yára jù. Ara mi ò balẹ̀, nítorí pé ara ìyá mi ò balẹ̀. Mo máa ń gbè kí wọ́n tó parí tiwọn, Màmá á sì fi ìka gbá mi nímú, wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn Sáàmù kan wà tí mi ò fẹ́ràn, àwọn tí ẹni tó ń kọ wọ́n ń sunkún, tó ń sọ pé egungun òun ti gbẹ, pé àwọn ọ̀tá ń fi òun rẹ́rìn-ín. Mo bi Màmá pé kí ni ẹkún ń wá nínú orin ìyìn.

"Ní èdè àwọn Hébérù, Ìyìn ni wọ́n pe gbogbo ìwé náà," Màmá dáhùn. "Tẹkún-tẹkún inú ẹ̀ ni wọ́n pè ní Ìyìn. Ẹni tó bá ń sunkún sí ọ létí, ṣé kò mọ̀ pé o wà níbẹ̀ ni?"

Ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí maṣíìnì. Sáàmù tiwọn yàtọ̀. Ẹnì kan ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan ní Ṣógunlẹ̀, wòlíì náà sì ní ọkọ wọn kò gbàgbé wọn, pé obìnrin kan tó wà nítòsí ló di í lẹ́nu. Ó fún wọn ní Sáàmù kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbẹ̀san. Ọ̀sán gangan ni kí wọ́n máa kà á sínú omi, kí wọ́n sì máa fi orúkọ obìnrin náà há a láàárín. Wòlíì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n rò ó títí tí wọ́n fi rí orúkọ tó bá a mu. Ta ló ní fóònù? Ta ló sọ pé òkè òkun kò pè mọ́? Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí Ìyá Tọ́lá dénú mọ́, wọn ò sì lọ dirun lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí Màmá bá lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ìyá mi á ti ilẹ̀kùn. Wọn á gbé àwo omi sórí àga, wọn á kúnlẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń kà á kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀. Ó ń yára, ó ń gbọ̀n, kò ní ibi tí ó ti ń mí. Èmi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orúkọ Ìyá Tọ́lá á máa jáde láàárín ọ̀rọ̀ Dáfídì bí òkúta nínú ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kan Màmá gbàgbé báàgì, wọ́n sì yà padà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn wọlé ní ibi tí orúkọ náà ti ń jáde.

"Kí lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mò ń gbàdúrà, Màmá."

"Orúkọ ta ni mo gbọ́ yẹn?"

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà. Màmá wo omi, wọ́n wo ìwé, wọ́n rọra jókòó.

"Ẹni tó kọ Sáàmù yẹn, inú ló ń bí i," wọ́n wí. "Ó kó ìbínú náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kó má baà fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan. Ìwọ wá gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, o fẹ́ fi ṣe àdá."

"Ẹ ò mọ ohun tójú mi ń rí, Màmá." Ohùn ìyá mi ga. "Ọkọ tiyín ò lọ síbì kankan títí tó fi kú."

Màmá ti àwo omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òótọ́ ni. Kò lọ síbì kankan. Sunkún, ọmọ mi. Bínú sí ọkọ rẹ. Bínú sí Ọlọ́run pàápàá, àyè wà fún un nínú Sáàmù, àwọn tó ṣáájú wa ti bínú sí i. Ṣùgbọ́n yọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbẹ̀. Dáfídì ò dárúkọ ẹnì kankan ní Máfolúkù."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò jẹ́ rín in. Ìyá mi palẹ̀ omi náà mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣíwọ́. Wọ́n kàn dín ohùn wọn kù ni.

Ọ̀sán ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìwé dé. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń sá aṣọ. Igbe ta láti yàrá kejì, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú lákọ̀ọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ tó wá tẹ̀ lé e: "Tọ́lá! Tọ́lá mi! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Tọ́lá kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń gbé pọ̀n lọ. Ó wà lórí ẹní, ara rẹ̀ le bí igi, ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Gìrì ni. Ẹnì kan mú ṣíbí wá pé kí wọ́n fi la eyín rẹ̀, ẹnì kan ní àlùbọ́sà, ẹlòmíì ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná. Màmá fi ìgbúnwọ́ la àárín wọn kọjá.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu! Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé ìwòsàn ni!"

Ìyá Tọ́lá jókòó sílẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ sí gbogbo wa. Mo wò yíká, mo rí ìyá mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́. Mi ò tíì rí ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú àgbàlagbà rí.

"Gbé ọmọ yẹn," Màmá sọ fún wọn.

Ìyá mi mi orí.

"Mo ní kí o gbé e."

Ìyá mi gbé e.

A rí kabúkabú kan lójú títì. Ìyá mi àti Tọ́lá wà lẹ́yìn pẹ̀lú Màmá, wọ́n há mi sáàárín, Ìyá Tọ́lá wà níwájú, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá pátákó mọ́tò bíi pé ẹṣin ni. A gba Àjàò Ẹsitéètì jáde sí Ìsọlọ̀. Ara ọmọ náà ti rọ̀, ṣùgbọ́n kò lajú, ooru ara rẹ̀ sì ń ràn mí nítan láti orí ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo gbọ́ tí ìyá mi tẹ orí sí etí Màmá.

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán báyìí ni."

"Dákẹ́," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Ibà ló ń ṣe ọmọ yìí. O rò pé ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ ni Ọlọ́run, tí o lè rán níṣẹ́ ìkà? Gbé orí ẹ̀ sókè dáadáa kó lè mí."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba Tọ́lá lọ́wọ́ ìyá mi, ilẹ̀kùn sì pa dé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan láàárín àwọn ìyá mìíràn àti ọmọ wọn. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ń ta mí nímú. Fáànù òkè ń yí, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan. Ìyá mi ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Ìyá Tọ́lá dorí kọ eékún Màmá. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Sáàmù. Ẹ fún mi ní ọ̀kan. Èyí tó lágbára jù."

"Kò sí èyí tó lágbára ju èkejì lọ, ọmọ mi. Èyí tó jẹ́ òótọ́ báyìí ni ká kọ."

Mo rò pé ìyìn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí mi ò fẹ́ràn ni wọ́n mú, níbi tí ẹni náà ti ń bi Ọlọ́run léèrè pé ìgbà wo ni ó máa dá òun lóhùn, ṣé ó ti gbé ojú kúrò lára òun ni. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀, ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ. Wọ́n kọ ìlà kìíní, wọ́n dúró. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbè é, ṣùgbọ́n mi ò gbè é. Ìlà náà wà lófuurufú láìní ẹnìkejì. Ìyá mi ló gbè é. Ohùn wọn já, wọ́n sọ ọ́ pọ̀. Màmá mú ìlà tó tẹ̀ lé e, ìyá mi tún gbè. Láìpẹ́, Ìyá Tọ́lá, tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbè é pẹ̀lú wọn. Obìnrin kan tó gbé ìbejì, tí a kò mọ̀ rí, dara pọ̀.

Bí Sáàmù náà ṣe ń lọ sópin, ó yí padà. Ẹni tó ń béèrè ìgbà wo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun á kọrin sí Olúwa, pé ó ti ṣe é dáadáa fún òun. Mo gbójú sókè wo ilẹ̀kùn, mo rò pé wọ́n ti ṣí i ni. Ó wà ní títì. Ẹnikẹ́ni ò tíì jáde wá sọ nǹkan kan fún wa. Màmá rí ibi tí mò ń wò.

"Kò sẹ́ni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá fún òun náà," wọ́n sọ sí mi létí. "Àárín orin ló ti yí i fúnra ẹ̀."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tí a yí i po kí nọ́ọ̀sì tó yọjú, tó béèrè pé ìyá Tọ́lá dà. A gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹkún ọmọ tí inú ń bí, tó fẹ́ ìyá rẹ̀. Ibà ni lóòótọ́. Wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, ó sì padà wá sílé ó ń béèrè bisikíìtì. Ìyá mi gbé àwo omi ọ̀sán náà, wọ́n dà á sójú gọ́tà.

Òjò kò tíì dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn nígbà tí Ìyá Tọ́lá sáré ti ṣọ́ọ̀bù wá láìwọ bàtà, fóònù lọ́wọ́ kan, ìlarun lọ́wọ́ kejì, tí wọ́n ń pariwo láti ìta. Bàbá mi ni. Ìyá mi gbọ́ ọ títí, "hẹn" ni wọ́n ń wí ṣáá. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tó sọ fún Màmá: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ilé onílé ló ń sùn, ojú sì ń tì í láti pè lọ́wọ́ òfo. Kò sí ẹni tó di í lẹ́nu. Ó ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tilẹ̀ wá kí wa lọ́dún kan, ṣùgbọ́n kò padà wá gbé pẹ̀lú wa mọ́.

Ìyá mi lọ dirun. Mo bá wọn lọ, mo jókòó sílẹ̀, mò ń ṣa irun tó bọ́ jọ. Ìyá Tọ́lá ya irun wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, ìyá mi sì dédé sọ̀rọ̀ láìyíjú.

"Ìyá Tọ́lá, mo ti fi orúkọ yín gbàdúrà búburú rí."

Ọwọ́ Ìyá Tọ́lá kò dúró. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá Bísí, pákó ni láńlọ́ọ̀dù fi pín yàrá wa. Gbogbo ọ̀sán tí mo bá wá fún ọmọ lóúnjẹ ni mò ń gbọ́ orúkọ mi."

Ìyá mi fẹ́ yíjú, Ìyá Tọ́lá dá orí wọn dúró. "Ẹ má mira, kó má baà wọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kí n gbé ọmọ yín?"

"Inú bí mi. Mo fẹ́ wá gbá ilẹ̀kùn yín. Ṣùgbọ́n pákó kan náà ni mo fi ń gbọ́ Màmá láàárọ̀. Bí wọ́n bá ń kọrin, èmi náà máa ń dìde jókòó, mo máa ń sọ pé èyí ni kí n mú, kí n fi èyí tọ̀sán sílẹ̀. Ẹ tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀."

Ìyá mi tẹ orí sílẹ̀. Wọ́n sunkún títí Ìyá Tọ́lá fi dirun náà tán, Ìyá Tọ́lá ò sì ní kí wọ́n dákẹ́.

Màmá padà sí Èkìtì nígbà tí maṣíìnì ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré geere. Màmá kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mò ń gbé Òkòtà báyìí, mo ti bímọ. Mi ò jogún ìfọkànbalẹ̀ wọn, ara èmi ṣì máa ń gbóná bíi ti ìyá mi: bí ọmọ bá pẹ́ níléèwé, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, bí lẹ́tà iṣẹ́ tí mò ń retí bá pẹ́, oorun ti dá lójú mi. Mò ń kọ Sáàmù, èmi náà, nígbà tí mo bá ń gbá ilẹ̀, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá jẹ́ òótọ́. Ẹkún ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá wá dé ibi tí orin náà ti yẹ kó yí padà, mo máa ń rí i pé ọkàn mi ò tíì ṣe tán. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń dúró dè é. Mi ò dúró dè é mọ́. Mò ń jẹ́ kí ẹnu máa lọ níwájú pẹ̀lú ìyìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ń gbọ̀n, kí ọkàn máa bọ̀ lẹ́yìn bó bá ṣe lè rìn ín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn kì í lé ẹnu bá títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mò ń kọ ọ́ lọ.